Èékánná Inú Fọ́tò

Ilé Ìgbẹ̀bí,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì.

Alátùpà mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì gé ọ létí jẹ? Àwa tá a wà nílé ń mí, ọpẹ́ ni. Mo mọ̀ pé wàá máa sọ nínú ara rẹ pé ṣé ìyá mi ò mọ fóònù lò ni. Mo mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí fóònù, atẹ́gùn ní ń gbé e lọ. Èyí tó o bá kọ, mo lè fà á yọ lọ́jọ́ tó o bá ní o ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mẹ́sàn-án la gbà lóṣù tó kọjá, méje nínú wọn ọkùnrin, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣèpàdé kí wọ́n tó máa bọ̀. A ti fi ọ̀dà funfun kun yàrá ìrọbí. Bẹ́ǹṣì àwọn aboyún tó máa ń ké bí wọ́n bá ti jókòó lé e, káfíńtà ti wá kàn án, kò ké mọ́, àwọn tó ń jókòó lé e ló kù tó ń ké.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ìgbákejì mi ní kí n kí ọ. Ọdún kọkànlá rèé tá a ti jọ ń gbẹ̀bí, orúkọ tí mo fún un ò sì tíì di irọ́ lọ́jọ́ kan. Ó bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ta ni yóò jókòó sórí àga mi bí mo bá fẹ̀yìn tì. Mo ní ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Mo rán an létí bó o ṣe máa ń di àtùpà mú fún mi lọ́mọ ọdún méje bí iná bá lọ, tí ọwọ́ rẹ kì í yẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, mà," ó sì lọ fọ báésìnì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gan-an ò gbọ́. Owó ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà òjò tó kọjá. Kì í gbọ́ tèmi mọ́. Bí mo bá ní kó dúró, kì í dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o tètè parí ẹ̀kọ́ rẹ kó o máa bọ̀. Jẹ́ kó wà láàárín èmi àti ìwọ. Bó o bá mọ ohun tí mo lè ṣe sí i, sọ fún mi.

Fi fọ́tò rẹ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mò ń bẹ̀ ọ́ bí ẹni ń bẹ ìjòyè.

Wẹ ọwọ́ rẹ, gé èékánná rẹ.

Ìyá rẹ.


Yàrá wa,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì.

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àìsùn nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ má wò ó pé obìnrin ni mí, ilẹ̀ yàrá wa ò gba ìkúnlẹ̀, ó tutù bíi yìnyín.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá yìí, ìwé kíkọ yín ti bàjẹ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi rúlà lù mí níka bí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan bá sọnù. Ẹ ní ọ̀tọ̀ ni oko, ọ̀tọ̀ ni ọkọ, ẹni tó bá gbàgbé àmì yóò fẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ wá ń fi àmì ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ òmíì. Ṣé ìkánjú ni, àbí bírò yín ló ń gbẹ?

Èyí tẹ́ ẹ ní kí n má sọ fún ẹnì kankan, mo ti gbọ́. Ìyá mi, kò sóhun tuntun níbẹ̀, gbogbo wa la jọ ń bá a fà á. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ń gbádùn ara mi níbí láìnáwó, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọmọ yín ò jìyà. Èékánná ni mò ń kùn.

Ẹ má tíì pariwo. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni, mo sì máa ń nù ún kúrò kí n tó wọ wọ́ọ̀dù.

Kútẹ́ẹ̀sì mẹ́ta péré ni mo ní, funfun, pupa, àti àwọ̀ ewé kan tí ẹnì kan fẹ́ sọ nù torí ó ti ki. Mo gbé e sínú omi gbígbóná díẹ̀, ó rọ̀. Tábìlì wa wà lẹ́bàá fèrèsé. Mo máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn sí i, mo bu omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò sínú ọmọrí ìgò, mo jókòó. Èyí táwọn oníṣọ́ọ̀bù ń fi ẹ̀rọ ṣe, igi ìtayín lèmi fi ń ṣe é. Ẹ̀yìn píìnì irun ló ń ṣe àmì ńlá, orí igi ìtayín ló ń ṣe kékeré. Bí mo bá fẹ́ ìlà tó gún, mo gé téèpù tẹ́ẹ́rẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná, mo kùn ún kọjá, mo ṣí i. Kànìnkànìn ìfọ-àwo tó ti gbó, mo gé e bí orí ìka, mo fi kan pupa, mo fi kan funfun, mo tẹ̀ ẹ́ lé èékánná díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ méjèèjì á fi wọnú ara wọn bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́. Èyí tó wù mí jù ni ti ọ̀rá. Ẹ da kútẹ́ẹ̀sì sórí ọ̀rá, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ ya òdòdó sí i níbẹ̀, ẹ wá bó o bí ẹni bó èèpo, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná. Bí ẹ bá ṣe é bà jẹ́, orí ọ̀rá ló bàjẹ́ sí.

Òdòdó tèmi, àmì márùn-ún ni, ọ̀kan láàárín. Àmì tẹ́ ẹ fi rúlà kọ́ mi ló di òdòdó lórí ìka mi, ìyá mi. Ẹ ò rí i pé lílù yẹn ò ṣòfò!

Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó. Ẹ tẹ ọwọ́ kan lélẹ̀ kó dúró jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ fi ìkejì ṣiṣẹ́. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n nìkan ni kò lè ṣe é. Ẹ wá wo ti Aláriwo, ọmọ kíláàsì mi tá a jọ ń gbé yàrá. Ó fẹ́ ya òdòdó, ó ya nǹkan tó dà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Ọmọ yín.


Ilé Ìgbẹ̀bí,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta.

Alátùpà,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó, mo tún un kà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi fún ọ. O ní kò sóhun tuntun níbẹ̀. O ní kí n lọ kun èékánná, o sì tún fi ẹlòmíì ṣe àpẹẹrẹ fún mi, ò ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ẹni tí kò sí nílé ni kì í mọ ibi tí òrùlé ń jò sí. Má dáhùn ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, mi ò ní í tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni kó o dá mi lóhùn. Ilé ìgbẹ̀bí kan ní òdìkejì ìlú ń pe Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní bí ilé yìí yóò bá di tirẹ̀ lọ́jọ́ kan, òun ò ní lọ. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, kí n jẹ́ kí òun tètè mọ̀, òun náà ti ń dàgbà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní àbùkù. Nítorí náà, ṣé ò ń bọ̀ wá gba ilé yìí, àbí o ò bọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbà fún un lésì.

Fọ́tò ńkọ́?

Wẹ ọwọ́ rẹ, gé èékánná rẹ.

Ìyá rẹ.


Yàrá wa,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin.

Ìyá mi,

Ẹ má bínú sí mi. Àwàdà ni mò ń ṣe, mi ò mọ̀ pé yóò dùn yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí n má dáhùn, mi ò dáhùn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń bọ̀. Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀. Ta ló tún máa gba ilé ìyá mi bí kò ṣe èmi?

Fọ́tò náà rèé nínú ìwé yìí. Aláriwo ló yà á. Mo dúró síwájú ògiri funfun, mo ká ọwọ́ láyà bí àwọn ọ̀gá nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe. Aṣọ náà mọ́, àbí? Ọwọ́ ara mi ni mo fi lọ̀ ọ́.

Mo nífẹ̀ẹ́ yín ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ọmọ yín.


Ilé Ìgbẹ̀bí,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún.

Alátùpà mi, ọmọ tó jọ mí!

Ṣé ìwọ nìyí? Ọrùn rẹ ti gùn! Ojú rẹ ni mo wò títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbàgbé gbogbo ohun tó bí mi nínú. Mo ti fi fọ́tò náà sí férémù onígíláàsì, ara ògiri tó kọjú sí bẹ́ǹṣì àwọn aboyún ni mo gbé e kọ́ sí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń rọbí, ìwọ ni yóò máa wò. Ọkọ obìnrin kan béèrè pé ṣé dókítà nìyẹn. Mo ní ó kù díẹ̀.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ náà wò ó. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Ó mà rẹwà o, mà." Mo wá fún un lésì bó o ṣe ní kí n sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ ní Sátidé, àpótí kan àti bàtà àwọ̀sínú-ilé rẹ̀. Kò sunkún, èmi náà ò sunkún níwájú rẹ̀. Ilé ti fẹ̀ jù báyìí, mo sì ń dá ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọmọ kì í sọ pé òun dá wà. Ṣe kíá o.

Wẹ ọwọ́ rẹ, gé èékánná rẹ.

Ìyá rẹ tí inú rẹ̀ dùn.


Ilé Ìgbẹ̀bí,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà.

Ìwọ,

Mi ò kí ọ. Ẹni tí mo máa ń kí, mi ò mọ̀ bóyá ó wà.

Lánàá ni mò ń bá àwọn aboyún sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní kí wọ́n na ọwọ́ kí n rí i. Mo sọ fún wọn pé inú èékánná gígùn ni ìdọ̀tí ń gbé, ara ọmọ tuntun ò sì gba kí nǹkan ha á. Onídìrí kan wà láàárín wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, èékánná òun ló gùn jù. Mo ní kó lọ gé e. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ìyá, nọ́ọ̀sì tó wà lókè yìí ńkọ́? Ṣé òun náà á gé tiẹ̀?" Odindi bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Kí ni kí n ṣe?

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gun àga, mo wò ó. Ọwọ́ tó o ká láyà bí ọ̀gá. Àmì márùn-ún, ọ̀kan láàárín, gẹ́gẹ́ bó o ṣe júwe rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, ojú ọmọ mi ni mò ń wò, mi ò wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi! Èmi tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò!

Mo gbìyànjú láti gbà ọ́ sílẹ̀. Mo ní ọjọ́ ìsinmi ni, ó ní òun máa ń nù ún. Lóòótọ́, kútẹ́ẹ̀sì ṣeé nù. Gígùn kì í ṣeé nù. Èékánná tó gùn tó yẹn, oṣù mẹ́ta ló fi hù, kò sì sí wọ́ọ̀dù tí yóò gbà á wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́ta. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó bí ọ. Ọwọ́ inú fọ́tò yẹn ò tọ́jú ẹnì kankan.

Mo wọkọ̀ lọ bá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ tuntun. Mo ní, "Nígbà tó o dúró níwájú fọ́tò yẹn, kí lo rí?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Mo rí èékánná, mà." Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Mo rò pé ẹ̀yin náà rí i. Bí mo bá sì sọ ọ́, ẹ máa ní nítorí àga ni." Ó fún mi lómi mu, ó sìn mí dé ibi ọkọ̀.

Ìwọ tí mo lé e lọ nítorí rẹ. Ìwọ nìkan tí mo sọ ohun tó ń ṣe mí fún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan jáde, èmi nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo so ìwọ́ rẹ̀ kó tó dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ìyá ọmọ náà ń kọrin, kò mọ nǹkan kan.

Wọ́n ní ọmọ kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì nìwọ fi júwe tèmi, o tún kun èékánná wọn kó lè hàn kedere.

Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀? Má pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ lè tún tàn mí. Kọ ọ́.


Yàrá wa,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹfà.

Ìyá mi,

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀. Èékánná àtọwọ́dá ni. Inú páálí ni wọ́n ń tà á, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná gidi ni. Mo lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, mo gbàgbé láti ṣí i kí Aláriwo tó ya fọ́tò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ mi ń lọ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu onídìrí ba àárín wa jẹ́.

Ọmọ yín.


Ilé Ìgbẹ̀bí,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Keje.

Ìwọ tó o ní o kì í náwó, o wá lọ ra èékánná nínú páálí.

Mo mú awò tí mo fi ń ka ara ìgò oògùn, mo fi wo àyà aṣọ náà. Wọ́n kọ orúkọ síbẹ̀. Kì í ṣe orúkọ tí mo sọ ọ́.

Aṣọ ta ni?


Yàrá wa,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹjọ.

Ìyá mi,

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, tí mo ya á.

Aṣọ Aláriwo ni. Òun ló ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ láti sáà kejì, ó ti lé lọ́dún kan. Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ni mò ń ká láti àárọ̀, àwa méjì méjì, ẹni kan dì í mú níbí, ẹnì kejì lọ́hùn-ún, a ó pàdé láàárín bí ẹni ń jó. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà là ń wọ̀ torí ọṣẹ wọn ń jẹ ara. Ẹnikẹ́ni kì í rí èékánná wa níbi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kùn ún. Lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á wá sí yàrá wa, ẹni mẹ́fà, àwọn kan lórí ibùsùn, àwọn kan nílẹ̀. Ẹni tó bá ní àwọ̀ kan á gbé e wá. Èmi ni mo máa ń ya òdòdó fún wọn. Ìyá àgbà kan wà tó máa ń sọ pé bí òun bá ti wọ ìbọ̀wọ́, tí òun mọ̀ pé òdòdó wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ náà kì í gùn. Inú mi máa ń dùn, ìyá mi. Mi ò lè purọ́ fún yín nípa ìyẹn mọ́.

Kí ló dé tí mo fi kúrò? Ẹ pè mí ní Alátùpà. Ẹ ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé ọwọ́ mi kì í yẹ̀. Òótọ́ ni, kì í yẹ̀. Ojú mi ni mo máa ń dì. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí mo fi kúrò nílé, ojú dídì ni mo fi ń di àtùpà yẹn mú fún yín. Ẹ ò wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan láti mọ̀. Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù níbí, wọ́n ní kí n la ojú. Mi ò lè là á. Mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ, àga yín ló máa ń wà nínú rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ ní kí n dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo mú bírò kí n kọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rù bà mí. Nítorí ẹ̀rù yẹn, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kó ẹrù rẹ̀. Mo mọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi bò ó.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà. Ẹ ní ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín fún mi. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ so ìwọ́. Kò yé mi. Mo kó gbogbo lẹ́tà yín jáde, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì tí mo fi ń kun èékánná. Ti oṣù Kejì, mo gbé e súnmọ́ fèrèsé. "Owó ń yọ mí lẹ́nu." Ìyá mi, owó lẹ kọ. Owó ni mo kà. Mo rò pé owó ló wọ́n yín. Èmi gan-an ò ní, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mi ò ní, ni mo bá ń sọ̀rọ̀ ohun tí kì í náni lówó. Mo tún wá rí àmì méjèèjì. Wọ́n wà lórí ìwé náà. Wọ́n bọ́ sísàlẹ̀, sáàárín ìlà kan sí ìkejì, bí ohun tó jábọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ọwọ́ ni.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rántí pé mo kọ ọ́ sí yín pé ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n nìkan ni kò lè ṣe é. Mo tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ fi èyí jì mí, bí ẹ ò bá tiẹ̀ lè fi ìyókù jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè, kẹ́ ẹ sì bínú bó bá yẹ. Láti ìgbà òjò tó kọjá, àwọn obìnrin tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ṣé wọ́n mọ̀? Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ tó dúró tì yín, ṣé ẹ sọ fún un? Irọ́ tèmi wà lára aṣọ. Tiyín ńkọ́?

Ọmọ yín.


Ilé Ìgbẹ̀bí,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá.

Alátùpà,

Orúkọ yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu, mi ò rí òmíì fi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ pẹ́ nínú àpótí mi. Ọ̀rọ̀ tó o sọ gbẹ̀yìn ni kò jẹ́ kí n dáhùn. Mo bínú sí i lóṣù Kẹsàn-án. Lóṣù Kẹwàá, mo bínú sí ara mi. Mo lọ bá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí mo na ọwọ́ ọ̀tún mi síwájú rẹ̀, mo jẹ́ kó wò ó bó ṣe ń gbọ̀n. Ó wò ó, ó dì í mú. Mo ní, "Padà wá. Ilé náà ti di tìrẹ, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé." Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n kí n gbọ́ ọ dáadáa, mi ò ní í fọwọ́ kan ìwọ́ ọmọ mọ́. Èmi tí mo kọ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ níṣẹ́! Mo ní mo ti gbọ́. Dókítà ní ọwọ́ yìí ò ní pa mí, ṣùgbọ́n kò ní í dúró mọ́. Ọ̀rọ̀ èékánná nìkan ló kù tí wọ́n ń jẹ́ kí n bá àwọn aboyún sọ.

Mo ti yọ fọ́tò rẹ kúrò lára ògiri. Mo dá a dojú bolẹ̀ nínú àpótí. Wọ́n ń bi mí pé níbo ni nọ́ọ̀sì wà. Mo ní kò sí nọ́ọ̀sì, alágbàfọ̀ ni ọmọ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohùn wẹ́lẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ń jáde.

Má rò pé ó ti tán o. Bí mo bá rántí férémù yẹn, àyà mi á tún gbóná. Mo bá ọ sọ òótọ́, o fi ẹ̀rín gbà á. Mo mọ̀ báyìí pé àmì ló bọ́, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ṣùgbọ́n "Bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń bọ̀" tó o kọ, gbogbo àmì rẹ̀ ló pé. Mo tún un wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló jókòó sábẹ́ lẹ́tà tirẹ̀ gan-an bí mo ṣe kọ́ ọ. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Pé o máa ń dijú, mi ò mọ̀. Ẹni tó ń wo iwájú ni mí nígbà yẹn. Ó yẹ kí n wẹ̀yìn wò.

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ìwé yìí. Bó bá jẹ́ àbùkù, gbà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí, ṣùgbọ́n wo àwọn àmì náà, kò sí èyí tó bọ́.

Onídìrí yẹn ti bímọ, obìnrin. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ló gbẹ̀bí rẹ̀. Kí wọ́n tó máa lọ sílé, ó fi ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì mi. Ó mọ̀ pé kò sí nọ́ọ̀sì, ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Mi ò fi ránṣẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí kò sí aboyún kankan lórí bẹ́ǹṣì, mo yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Mo tẹ ọwọ́ ọ̀tún mọ́ tábìlì, mo gbé àpò iyọ̀ lé ọrùn ọwọ́ kó má baà sá. Mo fi òsì ya òdòdó rẹ sí i, àmì márùn-ún, ọ̀kan láàárín. Ó rí bí ibi tí adìẹ ti ta ilẹ̀. Mo jókòó wò ó títí ó fi gbẹ. Mi ò kun èékánná rí láyé mi.

Ti òsì ló kù. Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Òsì ti wẹ ọ̀tún. Ọ̀tún ò lè wẹ òsì mọ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ní kí òun bá mi ṣe é, mo ní kó fi í sílẹ̀. Onídìrí náà bẹ̀ mí, mo ní rárá.

Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n èékánná márùn-ún ló kù níbẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíì kùn ún.

Wẹ ọwọ́ rẹ.

Ìyá rẹ.